Yamaha 40 lè fa èèyàn lórí síkì slalom? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Tankẹ́
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n mi kan l'Amẹ́ríkà fi síkì orí omi ránṣẹ́ sí mi, ti slalom, èyí tí ẹsẹ̀ méjèèjì máa ń wà lórí pákó kan ṣoṣo, àtìgbà tí mo sì ti ń wo ìdíje ẹ̀ lórí YouTube oorun ò kùn mí mọ́. Àwa kan jọ ní bóòtù fáíbà kékeré, ẹ́ńjìnnì Yamaha alágbára ẹṣin 40 ló wà nídìí ẹ̀. Ṣé ó lè fà mí dé 58 kìlómítà ní wákàtí kan táwọn ọkùnrin ń sá nínú ìdíje? Irú okùn wo ni kí n rà? Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ lórí ẹlẹ́yọ kan yìí tààrà? Mo tó kílò 85. Dáàmù Àsá ni mo ní lọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Dírẹ́bà_Omi
Àbúrò, ta ló fẹ́ fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́? Àmọ́ ká má tan ara wa, 40 ò lè gbé ẹ dé 58, pàápàá tí dírẹ́bà àti ẹni tó ń wo ẹ̀yìn bá tún jókòó sínú ọkọ̀, ẹni tó ń wo ẹ̀yìn yẹn ò sì ṣeé yọ kúrò o. Kó fà ẹ́ dìde lórí síkì méjì, ìyẹn lè ṣeé ṣe tí bóòtù bá fúyẹ́.

Bóòtù ìdíje, irú Nautique, MasterCraft tàbí Malibu, àárín ọkọ̀ gan-an ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà, òpó tí wọ́n ń so okùn mọ́ náà àárín ló wà, torí tí onísíkì bá fi gbogbo ara fa okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí ọkọ̀ ò ní máa gbá kiri. Wọ́n tún ṣe ìsàlẹ̀ ẹ̀ kí ìgbì ẹ̀yìn ẹ̀ má ga. Eré ẹ̀ gan-an, GPS ló ń dì í mú.

Ibi tó dùn jù nínú slalom ni okùn. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà tó léfòó lórí omi lo máa yí ká, ojú ọ̀nà ẹ̀ gùn tó mítà 259, ní 58 yẹn bíi sẹ́kọ́ńdì 16 péré ni gbogbo ẹ̀. Okùn máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí 18.25 mítà, tó o bá ti dé 58 yẹn, gbogbo ìgbà tó o bá yí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n á máa gé e kúrú, 16, 14.25, 13, 12, 11.25, bẹ́ẹ̀ wọn ò ní dín eré kù fún ẹ. Wàá wá rí i pé bọ́ọ̀lù fi mítà 11.5 jìnnà sí àárín ibi tí bóòtù ń gbà, okùn ò sì tó o mọ́! Ara ẹ lo máa fi dí ìyókù, wàá nà gbalaja lórí omi kí síkì lè gba ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù kọjá. Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ń yí i ní 10.25.

Okùn síkì gidi ni kó o rà, má lọ ra èyí tí wọ́n fi ń di ẹrù mọ́tò. Ìyẹn máa ń nà, tó bá já ẹ lọ́wọ́ ó lè fò padà lu ẹni tó wà nínú ọkọ̀.

Ìjàkadì_Ọ̀fà
Ìjàkadì l'orò Ọ̀fà lóòótọ́, àmọ́ bóòtù ni kó o má bá jìjàkadì o 😂 Ohun tó ń gbé gbogbo alákọ̀ọ́kọ́ ṣubú nìyẹn, wọ́n á fẹ́ fi agbára fa ara wọn dìde. Ká orúnkún mọ́ àyà, na ọwọ́ méjèèjì gbọọrọ, jẹ́ kí imú síkì yọ lójú omi, kó o wá jókòó jẹ́ẹ́ kí ọkọ̀ gbé ẹ. Tó o bá ti dìde, ojú ẹ ò gbọ́dọ̀ wo ẹsẹ̀, bóòtù ni kó o máa wò. Má lọ́ okùn mọ́ ọwọ́ láé, tó o bá ti ń ṣubú fi í sílẹ̀.

Lórí síkì méjì ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ o jàre. Ralph Samuelson tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo eré yìí ní 1922 lórí adágún omi Pepin ní Minnesota l'Amẹ́ríkà, pákó méjì lòun náà lò, ìgbà tó sì fara tì sẹ́yìn tó jẹ́ kí imú pákó yọ ló tó dìde.

Nọ́ọ̀sì_ÒmùÀrán
Ẹ̀yin ọkùnrin ò rántí pé omi táwọn èèyàn Ìlọrin ń mu lẹ fẹ́ máa kán epo sí. Ẹ lọ gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni dáàmù ná, tí wọ́n bá ní rárá, ẹ wá omi míì. Kùkùté igi tún lè wà nísàlẹ̀ omi dáàmù, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi fà ni kẹ́ ẹ lọ wò ó. Bákan náà àtọ̀sí ajá, omi tó dúró tí ìgbín kéékèèké wà létí ẹ̀ ló ti ń wọlé sára. Tẹ́nikẹ́ni bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, kó má mu àgbo, kó lọ ṣe àyẹ̀wò. Lífù jákẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Mi ò rí i kẹ́nì kankan dárúkọ ẹ̀.

Ọmọ_Tankẹ́
Àǹtí ẹ ṣé, mo ní jákẹ́ẹ̀tì o. Ó dáa, màá wá síkì méjì. Tí mo bá wá débi ẹlẹ́yọ kan, ẹsẹ̀ wo ló máa wà níwájú?

Dírẹ́bà_Omi
Dúró kẹ́nì kan tì ẹ́ láti ẹ̀yìn láìsọ fún ẹ. Ẹsẹ̀ tó o bá fi gbé ara ẹ dúró, iwájú ló sábà máa ń wà. Kí ẹ̀gbọ́n ẹ tún sọ gígùn síkì yẹn fún wa, ó lè kúrú jù fún kílò 85.