Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: táǹkì omi iyọ̀ oníyùn àkọ́kọ́ mi, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ẸjaÒkunWùMí
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sin ẹja inú omi aláìníyọ̀, ọwọ́ mi sì ti mọ́ ọn. Iyùn inú òkun (coral) ló wá ń wù mí báyìí. Mo ti ra táǹkì gíláàsì 200 lítà, mi ò tíì da nǹkan kan sínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, òkúta wo ni kí n lò, èyí tó ṣì ní ẹ̀mí lára ni àbí gbígbẹ? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé cycle, ìyẹn àsìkò tí bakitéríà tó ń jẹ ìdọ̀tí ẹja fi ń dàgbà nínú táǹkì, ti parí? Ẹja wo ló yẹ kó kọ́kọ́ wọlé? Ẹnìkan ní kí n kàn ra ẹja òkun kékeré méjì tó ń jẹ́ damsel kí n dà wọ́n sínú omi tuntun, pé ìgbẹ́ wọn ló máa bẹ̀rẹ̀ cycle. Ọkàn mi ò gbà á.

BàbáIyùn
Ẹ káàbọ̀. Kí ọkàn yín má gbà á láéláé. Amóníà ni ẹja ń tú sínú omi bó ṣe ń mí tó sì ń yàgbẹ́. Nínú omi tuntun, kò tíì sí bakitéríà tó máa jẹ ẹ́, inú májèlé ara rẹ̀ ni ẹja náà á máa gbé, á sì máa jó o níbi tó fi ń mí. Bó bá tilẹ̀ yè é, damsel a máa jà. Á sọ gbogbo táǹkì di tirẹ̀, ẹja tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ò ní rójú ráyè. Nígbà tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ mú un jáde, òkúta tẹ́ ẹ fara balẹ̀ tò lẹ máa tú palẹ̀ kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́.

Amóníà inú ìgò ni kẹ́ ẹ rà, èyí tí wọ́n ṣe fún táǹkì ẹja, ammonium chloride ni wọ́n máa ń kọ sára rẹ̀. Ẹ má lo ti ìfọlé tó ní lọ́fínńdà tàbí ọṣẹ. Ẹ máa kán an sínú omi títí ohun ìdánwò yín á fi ka 2 ppm (ìdá 2 nínú mílíọ̀nù). Ẹ má jẹ́ kó kọjá 5 ppm o, torí tó bá pọ̀ jù, bakitéríà tẹ́ ẹ ń dúró dè gan-an ló máa dá dúró. Ẹgbẹ́ bakitéríà kan á sọ amóníà di náítíráìtì, ẹgbẹ́ kejì á sọ náítíráìtì di náítíréètì, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja lára. Ẹgbẹ́ kejì yìí máa ń pẹ́ dìde, ẹ má bẹ̀rù tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ń fà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti parí nìyí: ẹ ro amóníà sí i lónìí títí dé 2 ppm, ẹ tún un wò lọ́la ní àsìkò kan náà. Tó bá ti di 0, bakitéríà yín ti pọ̀ tó. Láìsí bakitéríà inú ìgò, ó sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ pa iná ní gbogbo àsìkò yìí. Bakitéríà ò nílò iná, ewédò ló nílò rẹ̀.

ÌyáOlómi
Ẹ ṣeun, Bàbá Iyùn. Omi fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wàhálà ti ń wọlé.

Omi ẹ̀rọ tó mọ́ gaara lójú lè ní klórínì, fọ́síféètì, sílíkéètì àti bàbà nínú. Bàbà tí ò tó nǹkan ti tó láti pa ìgbín, edé àti iyùn. Omi tó gba inú asẹ́ RO/DI, tó ń yọ irú nǹkan wọ̀nyí kúrò, kọjá ni kẹ́ ẹ lò, kí mítà TDS, tó ń wọn ohun tó yòrò sínú omi, sì máa ka 0. Tó bá ti ń kúrò ní 0, DI, apá tó kẹ́yìn lára asẹ́ náà, ti ń kú lọ nìyẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bù sínú ike, kẹ́ ẹ tó máa da iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, kí pọ́ǹpù kékeré kan máa rò ó. Ẹni tó bá da omi lé iyọ̀ lórí á rí i tí omi náà á funfun, tí nǹkan bí ẹfun á dì sí ìsàlẹ̀ ike. Kálísíọ̀mù tí iyùn ìbá jẹ ló ṣòfò yẹn. Àkókò yìí nìkan, tí ohun ẹlẹ́mìí kankan ò tíì sí níbẹ̀, lẹ lè po iyọ̀ nínú táǹkì fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, inú ike lọ́tọ̀ ni.

35 ppt (gíráàmù iyọ̀ 35 nínú kìlógíráàmù omi kan) lẹ ń wá, ìyẹn nǹkan bí 1.026 lórí refractometer, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi. Omi ìdíwọ̀n 35 ppt ni kẹ́ ẹ fi tún refractometer náà ṣe, ẹ má fi omi lásán ṣe é, torí èyí tó pé ní 0 lè yẹ̀ ní 35. Ẹ kán omi díẹ̀ sórí gíláàsì rẹ̀, ẹ pa ìdérí rẹ̀ dé kí afẹ́fẹ́ má há sábẹ́ rẹ̀, ẹ ní sùúrù díẹ̀ kí omi náà àti irinṣẹ́ náà bára dọ́gba ní ìgbóná, kẹ́ ẹ tó gbé e sójú síbi ìmọ́lẹ̀. Ibi tí búlúù ti pàdé funfun ni kẹ́ ẹ kà.

Omi máa ń gbẹ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Omi RO/DI tí ò níyọ̀ lẹ ó máa fi dí i lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ń fi omi iyọ̀ dí i, iyọ̀ inú táǹkì rẹ̀ á máa ga sí i ni.

OmiTóGbó
Lórí òkúta, gbígbẹ ni mo máa yàn fún ẹni àkọ́kọ́. Kò ní gbé aiptasia, ohun ẹlẹ́mìí tó ń ta iyùn, wọlé, kò ní gbé edé mantis, tó ń pa ẹja àti ìgbín, wọlé. Ẹ lè tò ó sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa yí i títí ojú yín á fi gbà á, kẹ́ ẹ fi gúlúù àti sìmẹ́ǹtì àwọn oníyùn so ó pọ̀.

Ẹ gbé òkúta lé ìsàlẹ̀ gíláàsì kẹ́ ẹ tó da iyanrìn sí i. Ẹja àti edé tó ń gbẹ́ ihò á gbẹ́ abẹ́ òkúta tó bá jókòó lórí iyanrìn, gbogbo òkìtì náà á sì wó lu gíláàsì. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín òkúta àti gíláàsì kí ohun ìfọgíláàsì lè kọjá. Ẹ má tò ó pọ̀ bí ògiri, ẹ jẹ́ kí omi ráyè gba àárín rẹ̀.

Ọ̀sàBúlúù
Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mi ò bá yín lọ tán níbí. Bakitéríà amóníà nìkan kọ́ ló ń gbé ara òkúta inú òkun. Copepod, ẹ̀dá omi tíńtín, wà níbẹ̀, spọ́ńjì wà níbẹ̀, ewédò coralline elésè àlùkò wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló ń du àyè. Lára òkúta gbígbẹ, òfo ni gbogbo àyè yẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa gbà á, ewédò onírun àti dinoflagellate, ẹ̀dá tíńtín tó máa ń bo òkúta bí ikun, ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ dé. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó pa iṣẹ́ yìí tì nítorí dinoflagellate. Ó máa ń dùn mí, torí táǹkì wọn ì bá ti dára.

Ohun tí mo rò ni pé kí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ gbígbẹ, kẹ́ ẹ wá tọrọ òkúta ààyè kékeré kan nínú táǹkì tó ti gbó lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán. Ẹ wo gbogbo ihò ara rẹ̀ dáadáa. Èyí tó bá ti gbẹ lójú ọ̀nà, ohun ara rẹ̀ á ti kú. Ẹ gbóòórùn rẹ̀: bó bá ń rùn, inú ike omi iyọ̀ lọ́tọ̀ ni kó wà títí òórùn náà á fi lọ.

OmiTóGbó
Bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò. Kékeré kan láti inú táǹkì tó gbó, mo fara mọ́ ọn.

ÌgbínÒkun
Ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu ba hítà. Kékeré méjì sàn ju ńlá kan lọ. Hítà tó bá bàjẹ́ lè kọ̀, kó má pa ara rẹ̀ mọ́, ńlá kan á sì se gbogbo ohun inú táǹkì mọ́jú. Mo mọ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Bí agbára bá wà, ẹ ra kọntiróólà lọ́tọ̀ tó máa já iná hítà bí omi bá kọjá ibi tẹ́ ẹ fẹ́. 25 sí 26°C ti dára.

Kí wáyà kọ̀ọ̀kan tẹ̀ sísàlẹ̀ ná kó tó gòkè lọ síbi iná, kí omi tó bá ń tọ ara wáyà wá lè kán sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ sì wo tábìlì tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e lé: 200 lítà omi òkun nìkan ti lé ní 200 kìlógíráàmù, a ò tíì ka òkúta, iyanrìn àti gíláàsì.

ẸjaÒkunWùMí
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ni mo tẹ̀ lé, mo sì rí òkúta ààyè kékeré kan gbà. Amóníà 2 ppm ń di 0 láàárín wákàtí 24 báyìí. Àmọ́ náítíráìtì ò kúrò níbi àwọ̀ tó ga jù lórí páálí ìdánwò, náítíréètì náà sì ga gan-an. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná, nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ wá bo iyanrìn mi. Ṣé mo ti ba nǹkan jẹ́ ni?

BàbáIyùn
Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́. Nínú omi aláìníyọ̀ tẹ́ ẹ ti ń bọ̀, náítíráìtì máa ń pa ẹja, ó tọ́ kẹ́ ẹ bẹ̀rù rẹ̀. Nínú omi òkun, klóráìdì pọ̀ rẹpẹtẹ, òun ló ń dí náítíráìtì lọ́nà kó má ráyè wọ ara ẹja. Kíkà náítíréètì yẹn náà, ẹ má gbà á gbọ́ tán, torí náítíráìtì máa ń mú kí ohun ìdánwò náítíréètì kà ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ dúró kí náítíráìtì sọ̀kalẹ̀, kẹ́ ẹ tó wọn náítíréètì. Bó bá ṣì ga nígbà náà, ẹ pààrọ̀ ìdajì omi kí ẹja àkọ́kọ́ tó wọlé.

ÌgbínÒkun
Diatom, irú ewédò tíńtín kan, ni nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ táǹkì tuntun ló máa ń ṣe é, sílíkéètì ló ń jẹ, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ tí sílíkéètì bá tán. Ẹ má da oògùn kankan sí i. Ìgbà yìí ló yẹ kẹ́ ẹ kó ìgbín òkun wọlé, torí oúnjẹ ti wà. Trochus ni mo fẹ́ràn jù, torí bó bá ṣubú dojú délẹ̀, ó lè yí ara rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ turbo ò lè ṣe é, ibẹ̀ ni wọ́n máa kú sí. Díẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, kí ebi má pa wọ́n tí diatom bá tán.

ÌyáOlómi
Ẹ má sì lépa òfo o. Náítíréètì 5 sí 10 ppm, fọ́síféètì 0.03 sí 0.1 ppm, iyùn nílò ìwọ̀nba yẹn. Níbi tí méjèèjì bá ti di 0 pátápátá ni dinoflagellate tí Ọ̀sàBúlúù ń sọ ti ń gba ilé. Ẹ máa wọn alkalinity (agbára omi láti dènà ásíìdì, dKH la fi ń kà á) lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ mú un dúró níbì kan láàárín 8 sí 9 dKH. Kó dúró lójú kan ṣe pàtàkì ju iye tó jẹ́ lọ.

Ọ̀sàBúlúù
Ẹja àkọ́kọ́: clownfish méjì, irú ocellaris, èyí tí wọ́n bí nínú táǹkì. Wọ́n ti mọ oúnjẹ tí à ń fún ẹja jẹ, wọn ò sì nílò anemone, ohun ẹlẹ́mìí tí clownfish máa ń fara pamọ́ sí nínú òkun. Ẹ má tíì ra anemone rárá, táǹkì tó ti gbó dáadáa ló ń fẹ́. Ẹja blue tang tí gbogbo èèyàn ń wá, 200 lítà ò lè gbà á.

Ẹja kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé inú táǹkì kékeré lọ́tọ̀. Cryptocaryon irritans, àrùn tó ń ṣe tótòtó funfun sí ara ẹja, bó bá wọ táǹkì oníyùn, bàbà tí a fi ń pa á ò ṣeé dà síbẹ̀, á pa gbogbo ìgbín àti iyùn. Ẹ máa wá kó gbogbo ẹja jáde, kí táǹkì wà láìsí ẹja fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

OmiTóGbó
Tó bá kan iyùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó rọ̀: mushroom, leather, zoanthid. Acropora, iyùn líle tó ṣòro tọ́jú, ṣì jìnnà. Zoanthid àti Palythoa (ìbátan rẹ̀) kan ní májèlé tó ń jẹ́ palytoxin lára. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú tẹ́ ẹ bá ń gé wọn. Ẹ má ṣe da omi gbígbóná sí òkúta tí wọ́n wà lára rẹ̀, ẹ má sì sè é, torí ooru omi tó ń rú jáde lára rẹ̀ lè gbé odidi ìdílé dé ilé ìwòsàn.

ẸjaÒkunWùMí
Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ẹni tó fún mi lókúta fẹ́ fún mi ní green star polyp, iyùn rírọ̀ kan, náà. Ṣé kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkìtì ńlá?

OmiTóGbó
Rárá o. Ẹ gbà á, kò ṣòro tọ́jú, ó sì rẹwà tí omi bá ń fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n òkúta tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni kẹ́ ẹ fún un, láàárín iyanrìn, níbi tí ò ti kan òkìtì ńlá. Bó bá fi lè dé òkìtì yẹn, á bo gbogbo rẹ̀, kò sì ní ṣeé ṣí kúrò mọ́.