Kọ́ọ̀rẹ́ǹtì DC motor wa ò dúró lójú kan mọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i

ỌmọPánẹ́ẹ̀lì: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. DC motor 45 kW kan ni, armature ẹ̀ (apá tó ń yí nínú mọ́tò) 400 volt, 125 amp ló wà lára nameplate, drive thyristor oní fésì mẹ́ta (àpótí tó ń fi thyristor, ìyẹn switch tí kò ní apá tó ń mira, darí iná tó ń lọ sí mọ́tò) ló ń wà á. Tẹ́lẹ̀, tí lóòdù bá ti wà lórí ẹ̀, bíi 60 amp ló máa ń dúró sí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn ó ń lọ 40 ó ń bọ̀ 95, mọ́tò á máa kùn hùn-ún hùn-ún bí ẹni tí inú ń run, ìgbà míì drive á trip overcurrent. Mo ti pààrọ̀ gbogbo carbon, mo wọn iná tó ń wọlé, fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, iná field (wáyà tó ń ṣe máàgnẹ́ẹ̀tì mọ́tò) ò yẹ̀. Ibo ló kù tí mo máa wò? Mi ò sùn dáadáa mọ́.

Wáyàpupa: Dín gain speed loop kù (bí drive ṣe ń fi agbára dáhùn tí spíìdì bá yí), á balẹ̀.

Bàbá Armature: Àbúrò, má tíì fọwọ́ kan gain o. Drive tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa látọjọ́ yìí, ta ló lọ yí gain ẹ̀? Tí ẹnikẹ́ni ò bá yí i, nǹkan kan ló bàjẹ́ níta, tó o bá dín in kù aṣọ lo kàn fi bo egbò. Wo current reference (amp tí drive ń bèèrè) àti current feedback (amp tó ń lọ gan-an) pa pọ̀. Tí reference bá ń jó, feedback kàn ń tẹ̀lé e ni, ìdí tacho, ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ spíìdì mọ́tò fún drive, ni kó o lọ. Tí reference bá dúró jẹ́ẹ́ tí feedback ń gbọ̀n, ìdí thyristor ni. Èyí tó yá jù, pa mọ́tò, kúrò lórí tacho nínú parameter, bọ́ sórí armature voltage, kí drive máa fi fóltéèjì armature mọ spíìdì, kó o wá fi spíìdì kékeré gbé e. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́ má yọ waya tacho nígbà tó bá ń yí o, drive á rò pé mọ́tò ti dúró, á da gbogbo iná lé e, á sá bí ẹṣin tó já okùn.

ScopeMan: Tó bá jẹ́ thyristor, gbé scope (ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ṣe ń lọ sókè sódò) sí i. Níbi iná 50 Hz, òkè mẹ́fà ló yẹ kó o rí láàárín 20 ms, kí wọ́n ga bákan náà. Tí ọ̀kan bá sọnù, wo waya gate ẹ̀ (èyí tó ń ṣí i) kó o tó pààrọ̀ thyristor.

ỌmọPánẹ́ẹ̀lì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an! Reference ló ń jó lóòótọ́. Mo bọ́ sórí armature voltage, ámíítà dúró sí 58 kò mira. Mo pa á, mo tú ìdérí tacho, mo fọwọ́ yí i, ó kọ́kọ́ lọ lófo díẹ̀ kó tó di shaft mú. Rọ́bà coupling tó so tacho mọ́ shaft ti jẹ tán, eyín méjì ti já dànù. Ṣé mo lè fi í sílẹ̀ báyìí títí coupling tuntun á fi dé?

Bàbá Armature: O lè fi í sílẹ̀, tí iṣẹ́ yín bá lè gba kí spíìdì rẹlẹ̀ díẹ̀ tí lóòdù bá wọ̀ ọ́, àmọ́ má kọjá base speed (spíìdì tí mọ́tò ń sá tí armature bá gba 400 volt tí field sì pé). Carbon tuntun yẹn ńkọ́, ṣé o fi sandpaper yọ́ wọn kí wọ́n fẹnu gba commutator (bàbà tó ń yí tí carbon ń fara kàn) dáadáa? Emery kọ́ o, eruku ẹ̀ ń gbé iná.

ỌmọPánẹ́ẹ̀lì: Mi ò yọ́ wọn o ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n ṣe wà nínú páálí ni mo ṣe kì wọ́n sínú ẹ̀. Abájọ tí mo fi ń rí iná tó ń ta pàrà létí wọn. Ẹ jẹ́ n lọ pa á.