Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ etí òkun Gánà rí, ẹ wá sọ tiyín: oṣù wo ló dáa?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ lọ Gánà, kì í ṣe Accra o, a ò wá pátí, apá Cape Coast àti Elmina la ní lọ́kàn, ká wọ igbó Kakum, ká wọkọ̀ ojú omi, ká jẹ́ kí oòrùn pa wá dáadáa. Owó ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìjà tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé àwọn kan ní ká lọ gẹ́rẹ́ tá a bá ṣe Ojúde Ọba tán, àwọn kan ní Kérésì. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ sọ fún mi, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù:
Ojúde Ọba kẹ̀? Òjò á fọ̀ yín! Lọ́dún 2024 àti 2025 oṣù kẹfà ló bọ́ sí, oṣù karùn-ún sí ìkẹfà yẹn gan-an lòjò máa ń pọ̀ jù létí òkun wọn níbẹ̀. Èmi àti bàbá àwọn ìbejì lọ nínú oṣù kẹfà torí ìgbà yẹn ló rí ọlidé gbà níbi iṣẹ́. Etí òkun di ohun tá à ń wò láti ojú fèrèsé hòtẹ́ẹ̀lì. Kakum la ráyè dé, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ o, afárá méje ni wọ́n so mọ́ àwọn igi ńláńlá nínú igbó yẹn, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ gùn tó mítà 350, ibi tó ga jù tó bíi mítà 40 sílẹ̀, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ máa tẹ̀, okùn lọ́tùn-ún, okùn lósì, àwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́. Pákó ti tutù rinrin. Ẹnì kan bá tẹsẹ̀ wúwo níwájú, tẹ̀yìn á máa mì. Bàbá Ìbejì tó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ láti ilé pé ojo ni mí, kò tíì dé ìdajì afárá kejì tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù, ó dijú, ó ní kí n máa sọ fún òun tó bá kù díẹ̀. Ẹ̀rín ò jẹ́ kémi náà lè dúró dáadáa.

Erin wà nínú igbó yẹn o, àmọ́ ẹ má bá tìyẹn lọ, wọn kì í sábà yọjú, ariwo àwọn ọmọ ilé ìwé nìkan ti tó láti lé wọn. Ẹyẹ àti labalábá lẹ máa rí.

Bọ̀dá Ìpẹ́rù:
Ẹ tún ro ti ọ̀nà. Ọkọ̀ ilẹ̀ ni mo bá lọ, torí owó bàálù yẹn mo lè fi ra ewúrẹ́ Iléyá. Láti Èkó sí Accra ó lé ní kìlómítà 450, àmọ́ ọ̀nà kọ́ ló ń gba àsìkò, bọ́dà ni: Sẹ̀mẹ̀, Hilla-Condji, Aflao. Ọmọ ECOWAS ni wá, a ò nílò físà fún 90 ọjọ́, ṣùgbọ́n ẹ mú páspọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì dání. Ẹ má sì dúró dìgbà tí ọjọ́ bá ku ọ̀la kẹ́ ẹ tó lọ gbabẹ́rẹ́ ibà pọ́njú yẹn o, ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́wàá tẹ́ ẹ bá gbà á ni káàdì náà tó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní bọ́dà kan báyìí, ọ̀gá kan yẹ tèmi wò síwá sẹ́yìn, kò rí nǹkan kan, ó ní ojú mi ò jọ fọ́tò. Ẹ ṣáà mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Mo dúró tì í ni, mo ní mò ń retí ọ̀gá ẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́, ó ní kí n máa lọ.

Ẹ tún rántí aago. Kútọnu àti àwa aago kan náà là ń lò, ẹ bá ti wọ Tógò báyìí, ó ti fi wákàtí kan padà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Gánà. Ẹni tó ní ká pàdé òun ní aago méjì, a ti débẹ̀ ní aago kan, ebi fẹ́ pa wá kú.

Àǹtí Àgọ́-Ìwòyè:
Ìyá Ìbejì ti sọ ti òjò, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Oṣù kẹsàn-án ni mo lọ, mo dìídì lọ nítorí Fetu Afahye, ọdún ìlú Cape Coast, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù yẹn ni wọ́n máa ń ṣe é. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá débẹ̀ á rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní asafo, méje ni, tẹlòmíì pupa, tẹlòmíì ewé, kálukú pẹ̀lú àsíá àti ìlù tiẹ̀, wọ́n ń jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́, bẹ́ ẹ ṣe ń rí i ní Ojúde Ọba gẹ́lẹ́ tí ẹgbẹ́ kan ò fẹ́ kí aṣọ ẹgbẹ́ kejì ta tiẹ̀ yọ. Àwọn ọba wọn, orí èjìká ni wọ́n ń gbé wọn lé. Ẹṣin tiwa ṣì jù ú lọ, èmi ò ní purọ́.

Àmọ́ oòrùn ò fi bẹ́ẹ̀ sí. Oṣù keje sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ojú ọjọ́ máa ń ṣú, omi òkun náà sì máa ń tutù. Tó bá jẹ́ oòrùn lẹ̀ ń wá lóòótọ́, ìparí oṣù kọkànlá ni kẹ́ ẹ mú. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ ò tíì bo ojú ọ̀run, àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀ fún Kérésì ò tíì dé láti sọ owó hòtẹ́ẹ̀lì di nǹkan míì.

Ẹ tún ṣọ́ ọjọ́ Túsìdé. Wọn kì í pẹja lójú òkun lọ́jọ́ yẹn, èèwọ̀ ni. Mo dé Elmina lọ́jọ́ Túsìdé, gbogbo ọkọ̀ pẹ̀lú àsíá àti ọ̀dà oríṣiríṣi lara wọn to jọ sí èbúté, bàbá kan jókòó sílẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ di àwọ̀n mú, ó ń hun ibi tó ya, kò tiẹ̀ wojú ẹnì kankan. Mo fẹ́ràn ọjọ́ yẹn ju gbogbo ìyókù lọ. Ilé olódi Elmina wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, àwọn Potogí kọ́ ọ lọ́dún 1482, Ọlándì gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́dún 1637, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹrú sí. Ẹ má kó ibẹ̀ àti Kakum sínú ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ ò ní lè ṣe fàájì kankan tẹ́ ẹ bá jáde níbẹ̀.

Ará Ìwòpin:
Etí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí, mo ti mọ̀ ọ́n wẹ̀ kí n tó mọ A B D. Ọ̀sà kọ́ lòkun o. Ní Cape Coast omi ò ju ìbàdí mi lọ, ó sì fà mí lẹ́sẹ̀, kí n tó mọ̀, àwọn èèyàn etí òkun ti kéré lójú mi. Àwọn apẹja ibẹ̀ ń kígbe, wọ́n ń na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí n má bá omi jà, kí n má wẹ̀ tààrà padà, kí n máa wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ etí òkun títí omi á fi dẹ̀ mí sílẹ̀. Ìyẹn ló yọ mí. Ibi tí àwọn apẹja bá ní kẹ́ ẹ má wọ̀, ẹ má wọ̀ ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ ṣé gan-an. Ìparí oṣù kọkànlá yẹn wọ̀ mí lójú, mo ti fi ránṣẹ́ sáwọn tòún. Oúnjẹ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù:
Waakye, banku, ẹja yíyan, ebi ò ní pa yín. Gàrí wà lọ́hùn-ún náà, wọ́n ń bù ú sómi pẹ̀lú mílíìkì, ṣúgà àti ẹ̀pà, ṣùgbọ́n kò kan rárá. Ẹ rù tiyín lọ. Ẹ sì mú owó sídì dání tó máa tó san ẹnu ọ̀nà Kakum, iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò ju tọmọ Gánà lọ.