Ẹnu tí àríwísí ti mọ́ lára: ohun tí a fi ń wò ó

Olùkọ́ Bíbélì, Kétu
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹni tó bá kàn búra pé òun ò ní ṣe àríwísí mọ́, kì í pẹ́ tí ẹnu rẹ̀ á tún fi là. Ojú tí wíwá àbùkù ti mọ́ lára ò ní yéé wò, àfi kí ẹ fún un ní ohun mìíràn tí á máa wá. Ẹ ra káyé kékeré kan. Ẹ kọ orúkọ àwọn mẹ́ta tó máa ń bí yín nínú jù. Ní alaalẹ́, ẹ kọ ohun rere kan tí ẹ fojú yín rí tí oníkálùkù wọn ṣe lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe “ọmọlúwàbí ni” o. Irú èyí ni: “Ó gbá ìdí kànga kí àwọn tó ń pọnmi tó dé.” Ẹni tí ẹ ò bá rí nǹkan kọ fún, ẹ gbàdúrà fún un lórúkọ kí ẹ tó sùn. Ẹ má kọ àṣìṣe kankan sínú ẹ̀. 1 Kọ́ríńtì 13:5 ò fún wa láyè láti máa ka ibi síni lọ́rùn.

Olórí kọ́ráàlì, Àjàṣẹ́
Tíṣà, ẹ ṣeun. Àmọ́ ohun tó wà nínú káyé ò tíì dé etí ẹni tó ṣe ohun rere náà. Ẹ sọ ọ́ fún un.

Ẹ wo ìdánrawò orin. Bí ohùn àwọn áltò, ìyẹn àwọn obìnrin olóhùn ìsàlẹ̀, bá wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tí ẹni tó ń darí dá orin dúró, tó ní “ẹ tún ti bà á jẹ́,” ohùn náà á tún wálẹ̀ sí i ni. Ẹni tẹ́rù ń bà kì í mí dénú, ọ̀fun rẹ̀ á sì fún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ parí. Ẹ dárúkọ ibi tó dùn: “Ọ̀rọ̀ ìlà kìíní já gaara.” Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹnu yín kọ ibi tó wọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n gbè é. Àtúnṣe kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Tó bá di mẹ́ta, wọn ò ní rántí ọ̀kankan.

Pọ́ọ̀lù náà dúpẹ́ nítorí àwọn ará Kọ́ríńtì ní 1 Kọ́ríńtì 1:4. Ó di ẹsẹ 10 kó tó kan ìyapa wọn.

Ohun tó ń ba ìyìn jẹ́ ni “ṣùgbọ́n.” Tó bá ń tẹ̀ lé e ní gbogbo ìgbà, ẹni tí ẹ ń yìn á máa retí ẹgba. Ẹ yìn ín nígbà tí ẹ ò ní nǹkan kan bá a sọ. Ìyìn lè wọ WhatsApp ẹgbẹ́. Ìbáwí, rárá! Mátíù 18:15 ní ìwọ pẹ̀lú rẹ̀ nìkan.

Káfíńtà, Sábẹ
Màmá kọ́ráàlì, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ n fi ti ẹ̀rún igi inú Mátíù 7, ìyẹn àbùkù kékeré ara ẹlòmíì, kún un. Jésù ò ní ká fi í sílẹ̀ lójú arákùnrin wa. Ẹsẹ 5 ní tí a bá ti kọ́kọ́ yọ ìtì igi ojú tiwa, a ó yọ ọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó fẹ́ yọ ọ́ á kọ́kọ́ fọ ọwọ́, á mú ẹnì kejì wá síbi ìmọ́lẹ̀, á rọra ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, á da omi tó mọ́ sí i. Kò ní fi èékánná kàn án. Ẹ ò lè ti ìta gbàngba pariwo kí ẹ̀rún igi fi jáde.

Àmọ́ owó ìjọ tó ń pòórá, tàbí ọmọdé tí wọ́n ń lù nílùkulù, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ káyé. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn àgbà lójú ẹsẹ̀.

Olùkọ́ Bíbélì, Kétu
Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ku ẹni tí ẹnu yín ti gún. Ẹ lọ bá a nílé, ẹ dárúkọ ọ̀rọ̀ náà gan-an tí ẹ sọ, ẹ má fi “inú ló bí mi” kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un níṣẹ́. Máàkù, tó bá Pọ́ọ̀lù rìnrìn àjò ìwàásù, ti padà lẹ́yìn rẹ̀ ní Pámfílíà, síbẹ̀ Bánábà, ẹlẹgbẹ́ Pọ́ọ̀lù, mú un lọ sí Kípírù. Nígbà tó yá, Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé kí wọ́n mú Máàkù wá, nítorí ó wúlò fún òun. Ẹ̀yin náà, ẹ ní kí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ ka Bíbélì lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ sì jókòó síbi tí kò ní máa wo ojú yín.