Ṣé owó ń mú inú ẹni dùn? Ẹ sọ ohun tójú yín ti rí

Aránṣọ, Ìsàlẹ̀ Afọ́n

Ẹ kú ilé o, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété. Àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Sátidé, díẹ̀ ló kù kí àwọn oníbàárà mi méjì fa ara wọn láṣọ ya, aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán! Ọ̀kan ní kò sólówó tínú rẹ̀ ń dùn, pé ẹ̀rín tí wọ́n ń rín lóde àríyá kì í dénú. Èkejì ní irọ́ ni, pé àwa mẹ̀kúnnù la hùmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ká lè rí nǹkan fi tu ara wa nínú. Mi ò dá sí i, torí àwọn méjèèjì ló ṣì jẹ mí lówó ìránṣọ.

Mo wá gbé e síwájú yín. Ìwàásù kọ́ ni mo ń wá o, àlùfáà àti pásítọ̀ ti ṣe tiwọn lọ́jọ́ Jímọ̀ àti lọ́jọ́ Àìkú. Ohun tó ṣojú yín ni kí ẹ sọ: ẹni tó ti lówó rí, ẹni tó bá olówó gbé, ẹni tówó bọ́ mọ́ lọ́wọ́.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Tákíé

Ẹ jẹ́ n tètè sọ tèmi kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó dé.

Nígbà tí ara ìyá mi ò yá, òru la gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ní ká lọ san owó àsansílẹ̀ kí wọ́n tó lè fún wọn ní bẹ́ẹ̀dì. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a ń tẹ fóònù. Ẹni tí a pè tí kò gbé e, ẹni tó gbé e tó ní òun máa pè wá padà, ẹni tó kọ́kọ́ ka ìṣòro tirẹ̀ sílẹ̀ títí káàdì wa fi tán. Ẹ ò lè mọ bó ṣe ń rí kí èèyàn jókòó lóru máa ro ẹni tó kù tí òun kò tíì tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkùnrin kan gbé ìyá tirẹ̀ náà dé. Ó ń sunkún bí àwa náà ṣe ń sun ún, agbádá rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tẹ fóònù tirẹ̀, owó wọlé, wọ́n ti ìyá rẹ̀ wọlé. Mi ò mọ̀ bóyá inú ọkùnrin yẹn ń dùn nílé rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò bẹ ẹnikẹ́ni lóru ọjọ́ náà. Ilẹ̀ ti mọ́ kí owó tiwa tó pé. Ìyá mi rù ú là, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Láti ìgbà náà, àjọ èyíkéyìí tí mo bá kó, mo ń yọ ti ilé ìwòsàn sọ́tọ̀, ebi ì báà pa mí. Ẹni tó bá ń sọ pé owó ò já mọ́ nǹkan, kò tíì jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn.

Dẹ́rẹ́bà, Sábó

Màámi, ẹ sọ ọ́ re. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀.

Mo ń wa mọ́tò fún kọntirakítọ̀ kan. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ní ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ kò ní wúlò mọ́, tí tuntun ò sì sí nílẹ̀? Owó ọ̀gá mi kún báńkì, ṣùgbọ́n wọn ò rí èyí tí wọ́n máa fi ra ata. Wọ́n kọ́kọ́ rán mi lọ tò nídìí ẹ̀rọ tó ń pọ owó, mi ò rí gbà. Ni wọ́n bá wá tò fúnra wọn, pẹ̀lú fìlà lórí, láàárín èmi àti ìyá kan tó ń dín àkàrà. Láti ìdájí. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti ń bá ìyá alákàrà ṣàwàdà, wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n jọ ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ti gbé àga fún wọn. Bí a ṣe ń padà sílé, wọ́n ní, "Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti bá èèyàn sọ̀rọ̀ báyìí."

Owó padà sí ìgboro, ọ̀gá mi padà sẹ́yìn gíláàsì dúdú. Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ kan pé wọ́n lè máa sọ̀ kalẹ̀ kí ìyá alákàrà láìsí ìlà o. Wọ́n ní kí n máa wa mọ́tò.

Ọmọ Gánà, Arówómọlé

Ẹ má bínú, tèmi máa gùn.

Irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n bàbá mi nígbà tí àbúrò bàbá wọn mú wọn lọ sí Gold Coast, kí ibẹ̀ tó di Gánà ní 1957. Kiri ni wọ́n kọ́kọ́ ń kiri: abẹ́rẹ́, òwú, dígí, àwọn wọ́ṣíwọ́ṣì tó ṣeé gbé sórí àwo. Nígbà tó yá wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jà Tamale, lẹ́yìn náà wọ́n kọ́lé. Ilé yẹn kì í ṣófo. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ọ̀dọ̀ bàbá mi ni wọ́n ń júwe fún un. Wọ́n á fún un lóúnjẹ, wọ́n á wá ẹní fún un, wọ́n á gbé ọjà àwìn lé e lọ́wọ́ kó lọ máa kiri. Tó bá tà á, á san owó ọjà, á mú èrè.

Lọ́jọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia kéde pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, kó rí i gbà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kó máa lọ. Bàbá mi kò ní ìwé kankan. Ta ló ń béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀? Wọ́n ta ọjà bí ẹni ń ta ẹrù olè. Èyí tí wọn ò rí tà, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé aládùúgbò lọ́wọ́. A gba Tógò àti Dahomey, tó di Benin lónìí, wọlé, èmi ọmọdé lórí ẹrù. Ògbómọ̀ṣọ́ tí a dé sí gan-an kò fara rọ, torí oṣù Keje ọdún yẹn kan náà ni rògbòdìyàn owó orí gba ẹ̀mí Ṣọ̀ún, ọba ìlú wa. Yàrá kan ni ẹbí fún wa nínú agboolé. Ọwọ́ tó ń ka owó bẹ̀rẹ̀ sí í di ọkọ́ mú, wọ́n ń gbin pákí àti yangan.

Mo mọ ibi tí ẹ rò pé mò ń lọ: pé bàbá wá rí ìfọ̀kànbalẹ̀ lóko. Rárá o. Bàbá mi ṣọ̀fọ̀ owó yẹn títí wọ́n fi papòdà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dàgbà tí mo ń fetí sí wọn dáadáa, mi ò gbọ́ kí wọ́n dárúkọ ilé tàbí ọjà. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé, "Ní Tamale, kò sẹ́ni tó wá bá mi tí mo ní kó padà." Nínú agboolé wa, tí wọ́n bá ń dáwó ìgbéyàwó tàbí owó ìdánwò ọmọ ẹnì kan, wọ́n máa ń fo bàbá mi kọjá kí ojú má bàa tì wọ́n. Àánú ni wọ́n fi ń ṣe é. Òun gan-an ló sì ń dun bàbá mi ju oko lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi wá rí towó ṣe ní Èkó, ó fi owó tó jọjú ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi tún òrùlé ṣe. Bàbá mi kò kan páànù kan. Wọ́n pe àwọn ọmọ agboolé tó fẹ́ ṣe WAEC, wọ́n sanwó fún wọn. Ìyókù, wọ́n fi bá ìyàwó ilé kan san gbèsè. Ẹ̀gbọ́n mi bínú, ó wálé wá fapá jánú. Bàbá mi jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, àwọn èèyàn ń wọlé wá dúpẹ́, òjò ń jò sínú yàrá wọn. Inú wọn dùn! Mo fojú ara mi rí i. Owó ló sì mú un wá, kí ẹnikẹ́ni má tàn mí.

Ọmọ Ìjẹrù, Jámánì

Ẹ̀gbọ́n, ohun tó ń pa bàbá yín lẹ́rìn-ín yẹn ló lé mi kúrò nílé.

Mo kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo gbẹ́ kànga dẹ̀rọ, mo fi sólà sí i. Mi ò tíì sun ọ̀sẹ̀ kan gbáko níbẹ̀. Tí fóònù bá dún, "ẹ kú iṣẹ́" ò tíì tán lẹ́nu onítọ̀hún tí owó ilé yóò fi jáde. Ẹni tí n kò mọ̀ rí á ní òun ló pọ̀n mí ní kékeré. Tí gbogbo wọn bá jẹ́ òótọ́, mi ò fẹsẹ̀ kanlẹ̀ títí mo fi wọ iléèwé. Mo fún ti àkọ́kọ́, mo fún ti ìkejì, ẹ̀kẹta ní mo ti yí padà.

Nígbà tí mo wálé gbẹ̀yìn, hòtẹ́ẹ̀lì ní Ìlọrin ni mo dé sí. Mo dúró kí ilẹ̀ ṣú dáadáa kí n tó wá kí ìyá mi. Wọ́n gbé àmàlà láfún síwájú mi, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé olè lo dà nílùú òyìnbó ni?" Mi ò rí èsì fọ̀. Mo dúpẹ́, àwọn ọmọ mi ń kàwé, ara ìyá mi le, oògùn wọn ò tán rí. Ṣùgbọ́n ẹ má kà mí mọ́ àwọn tínú wọn ń dùn.

Ọmọ Gánà, Arówómọlé

Àbúrò, ó yé mi. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká wò. Ẹni tó tọrọ lọ́wọ́ bàbá mi, ilé wa ló ń sùn, ó ń bá ìyá mi gúnyán, ó ń bá bàbá mi palẹ̀ ọjà mọ́. Tó bá purọ́, gbogbo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Tamale á gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Tìrẹ, orí fóònù ló wà. O ò rí ojú ẹni tó ń gbà á, òun náà ò sì rí ọ níbi tí o ti ń ṣiṣẹ́ òru nínú òtútù. Bí wọ́n bá ń pe bàbá mi báyẹn, bóyá àwọn náà á sá lọ sí Ìlọrin.

Olùkọ́, Oríta Náírà

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, ọ̀mọ̀wé ti dé, ẹ forí jì mí.

Ní 2010, àwọn onímọ̀ méjì, Daniel Kahneman àti Angus Deaton, gbé iṣẹ́ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ará Amẹ́ríkà. Wọ́n ní bí owó tó ń wọlé fún èèyàn ṣe ń pọ̀ ni inú rẹ̀ ń dùn sí i lójoojúmọ́, títí dé nǹkan bíi dọ́là 75,000 lọ́dún, pé lẹ́yìn ìyẹn kò tún fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Gbogbo ayé gbé e kiri. Nígbà tó yá, olùwádìí mìíràn, Matthew Killingsworth, ní bó ṣe rí lọ́dọ̀ tòun kọ́ nìyẹn, pé ńṣe ló ń lọ sókè. Òun àti Kahneman ò bú ara wọn, wọ́n jọ jókòó ti iṣẹ́ náà pẹ̀lú Barbara Mellers. Èsì wọn jáde ní 2023: owó ń fi kún ìdùnnú ọ̀pọ̀ jù lọ, ṣùgbọ́n àwọn tí inú wọn bàjẹ́ jù, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún, owó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ débì kan, ó sì dúró. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dì mú, ó níbi tí owó mọ fún un. Àmọ́ o, wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè lọ́jà Igbó tiwa níhìn-ín.

Èyí tójú tèmi rí: àkókò kan wà tí owó oṣù wa ò jáde fún ìgbà pípẹ́ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi àti ìyàwó mi kì í jà tẹ́lẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ọṣẹ. Lọ́jọ́ tówó dé, ìjà tán, a ò tiẹ̀ bẹ ara wa.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Tákíé

Dọ́là 75,000 kẹ̀? Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n kó o fún mi, ká jọ wò ó bóyá inú mi á bàjẹ́.

Ẹni tí kò fẹ́ dárúkọ

Mo bá ọmọkùnrin kan gbé yàrá kan náà ní àdúgbò Under-G nígbà tí a jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Owó dé bá a lójijì, ẹ mọ irú owó tí mò ń wí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà òru. Ó kó lọ sí fúláàtì, ó ra mọ́tò, ọ̀rẹ́ pọ̀. Alaalẹ́ ló ń pè mí pé kí n jọ̀ọ́ wá sùn ti òun, òun máa ra oúnjẹ, òun máa sanwó ọkọ̀. Kì í pa iná. Tí mọ́tò kan bá dúró níta, ó ti dé ojú fèrèsé. Èmi tí n kò ní ju gàárì lọ, oorun ni mò ń sùn ní tèmi.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Tákíé

Ọmọ Ìjẹrù, ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Kàdúná tí wọ́n ń pọ́n lójú bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kì í fi owó ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ́. Ó yan iye tí agbára rẹ̀ ká, á fi ránṣẹ́ sí ìpàdé ẹbí kí ọdún tó parí. Ẹni tó bá nílò, kó lọ sọ tẹnu rẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí. Ẹni tó ń sọ fún un lórí fóònù pé òun ń kú lọ kì í lè sọ ọ́ lójú àwọn tó rí i lóde ìgbéyàwó lánàá. Ìpè dín kù. Ó wá ń wálé, ilé rẹ̀ ló sì ń sùn.

Ọmọ Ìjẹrù, Jámánì

Màámi, ta ni n óò fi ṣe alága?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Tákíé

Ìyá yín ni. Wọ́n mọ ẹni tó pọ̀n yín ní kékeré.