"Ilé ò sí lọ́jà"? Ẹ kọ́kọ́ ka iye ilé tó wà ní kàǹtì yín fúnra yín

Ìyá Ìbejì (Houston)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Àwọn kan nínú yín kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀ pé ejẹ́ńtì tó ń bá wọn wá ilé rà ń lé àwọn léré, pé "ilé ò sí lọ́jà, ẹ tètè fọwọ́ síwèé." Mo ní kí n dá a lóhùn ní gbangba kó lè ṣe gbogbo wa láǹfààní. Ọ̀rọ̀ yẹn lè jóòótọ́, ó sì lè má jóòótọ́, àmọ́ gbèsè ọgbọ̀n ọdún la fẹ́ kó sọ́rùn. Kò yẹ ká gbà á lẹ́nu ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tá a bá rà ni owó tiẹ̀ tó wọlé. Iye ilé tó wà lọ́jà ní Amẹ́ríkà ò pamọ́. Ọ̀fẹ́ ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, kàǹtì (ìyẹn county, bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) tó bá sì tóbi díẹ̀ ní tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ yà sí ni FRED, ìkànnì tí wọ́n ń kó nọ́ńbà ọrọ̀ ajé jọ sí. Báńkì ìjọba àpapọ̀, ẹ̀ka ti St. Louis, ló ni ìkànnì náà. Nínú àpótí ìwákiri wọn, ẹ tẹ "active listing count", ìyẹn iye ilé tó wà lọ́jà, àti orúkọ kàǹtì yín. Ti Harris County níbi tí mo wà, ohun tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ ni ACTLISCOU48201. 48201 tó kẹ́yìn yẹn ni nọ́ńbà tí ìjọba fún Harris. Ti Fort Bend ni 48157, ti Montgomery ní Texas níbí ni 48339. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Prince George's ní Maryland, 24033 ni tiyín. Ẹni tó bá ti mọ nọ́ńbà kàǹtì rẹ̀ kàn máa pààrọ̀ ẹ̀yìn yẹn ni. Realtor.com, ìkànnì tí wọ́n ti ń polówó ilé, ló ń kó àkọsílẹ̀ yìí fún wọn lóṣooṣù, oṣù keje ọdún 2016 ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Bí gíráàfù bá ti jáde, ẹ má tíì gbà á gbọ́. Ilé máa ń pọ̀ lọ́jà nígbà ooru, ó sì máa ń gbẹ nígbà òtútù, ọdọọdún ni bẹ́ẹ̀. Wọn ò yọ ipa àsìkò kúrò nínú nọ́ńbà yìí, bó ṣe rí ni wọ́n gbé e síbẹ̀. Ẹni tó bá wá fi oṣù kìíní wé oṣù kẹfà, á rò pé nǹkan ńlá ti ṣẹlẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ojú ọjọ́ lásán ló yí padà. Oṣù kẹfà ọdún yìí, oṣù kẹfà èṣí ni kẹ́ ẹ fi wé. Ẹ tẹ "Edit Graph", kẹ́ ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ "Units" sí, kẹ́ ẹ yan "Percent Change from Year Ago". Ojú ẹsẹ̀ ni gíráàfù náà á yí padà. Ibi tí ìlà bá ti wà lókè òdo, ilé pọ̀ ju ti èṣí lọ. Ibi tó bá ti wà nísàlẹ̀ òdo, ó dín sí ti èṣí.

Bàbá Tòbí (Dallas)

Ẹ ṣeun gan-an ma. Mo ti rí ti kàǹtì mi, ìlà rẹ̀ wà lókè òdo dáadáa. Ṣé kí n wá fọkàn balẹ̀ pé ilé ti pọ̀, pé mo lè máa dúnàá-dúrà nìyẹn?

Ìyá Ìbejì (Houston)

Bàbá Tòbí, ẹ má tíì fọkàn balẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ilé máa ń gbà pọ̀ lọ́jà, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ fún olùrà. Ó lè jẹ́ pé àwọn onílé tó gbé ilé wọn jáde láti tà ni wọ́n pọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé iye tó ń jáde ò yí padà rárá, àwọn tó máa rà á ni wọn ò sí, ni ilé wá ń kóra jọ. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn nìkan ò lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn yín.

Ìyẹn ni mo ṣe máa ń wo méjì mìíràn mọ́ ọn nígbà gbogbo, wọ́n wà ní FRED náà: "new listing count", ìyẹn iye ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọjà lóṣù yẹn, àti "median days on market", iye ọjọ́ tí ilé ń lò lọ́jà. Bí èyí tó ń wọlé bá wà bó ṣe wà, tí ọjọ́ tó ń lò sì ń gùn sí i, àwọn onílé ń dúró ti ilé wọn láìrí ẹni rà á nìyẹn. Níbẹ̀ ni ẹnu yín ti gbà á. Ṣùgbọ́n bí èyí tó ń wọlé bá pọ̀ gan-an tí ọjọ́ rẹ̀ ò sì gùn, ẹ kàn ní ilé púpọ̀ láti yàn nínú rẹ̀ ni, àwọn olùrà ẹgbẹ́ yín ṣì ń sáré bá yín dù ú. Ẹ tún wo "price reduced count", iye àwọn tó ti já owó wọn wálẹ̀. Onílé tó já owó wálẹ̀ ti gbà pé iye tóun kọ́kọ́ pè kò ṣiṣẹ́.

Ẹ má gbàgbé ìdí tí ilé fi ṣọ̀wọ́n láwọn ọdún wọ̀nyí. Ní oṣù kìíní 2021, èlé owó ilé ọlọ́gbọ̀n ọdún já sí ìdá 2.65 nínú ọgọ́rùn-ún lójú ìwé Freddie Mac, ilé-iṣẹ́ tó ń ra gbèsè ilé lọ́wọ́ àwọn báńkì. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá 2023, ó ti gun 7.79. Ẹni tó yá owó ní ìdá mẹ́ta, kí ló fẹ́ kó bá a tí á fi tà á lọ ra òmíràn ní ìdá méje? Wọ́n jókòó síbẹ̀. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí i tí "new listing count" bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ní kàǹtì yín, ẹ tẹ́tí sí i dáadáa, àwọn tó jókòó yẹn ti ń dìde nìyẹn.

Bàbá Tòbí (Dallas)

Ó yé mi. Ọ̀kan ló kù: ilé tó wà lọ́jà níbí lé ní ẹgbẹ̀rún. Ó pọ̀ ni àbí ó kéré? Mi ò mọ ohun tí mo lè fi wọ̀n ọ́n.

Ìyá Ìbejì (Houston)

Ẹ fi oṣù wọ̀n ọ́n. Ẹ mú iye ilé tó wà lọ́jà, kẹ́ ẹ fi iye tí wọ́n ń tà lóṣù kan pín in. Ká sọ pé ilé 900 ló wà, tí wọ́n sì ń ta 300 lóṣù, oṣù mẹ́ta ni ọjà yẹn máa fi gbẹ bí ẹnikẹ́ni ò bá gbé òmíràn jáde. Bó bá jẹ́ 100 péré ni wọ́n ń tà lóṣù, 900 kan náà ti di ti oṣù mẹ́sàn-án. Àwọn tó ń ṣòwò ilé máa ń sọ pé ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni agbára olùrà àti ti olùtà ti dọ́gba. Bó bá ti dín púpọ̀ sí i, olùtà ló ń pàṣẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, káàkiri Amẹ́ríkà, ti ilé tí èèyàn ti gbé rí kò tó oṣù méjì. Ẹ rántí bí àwọn èèyàn ṣe ń fi owó lé owó lórí ilé tí wọn ò tíì wọ inú rẹ̀ wò.

Àwa tá a wà ní Texas ò tiẹ̀ ní láti ṣe ìṣirò yẹn fúnra wa. Texas Real Estate Research Center ní yunifásítì Texas A&M ti ṣe é sílẹ̀ fún ìlú àti kàǹtì, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá (Maryland)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá. N óò fi ti ilé tuntun kún un, torí òun ni ọ̀pọ̀ àwọn ará wa ní Texas àti Georgia ń rà, ibẹ̀ sì ni nọ́ńbà ti máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú.

Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń ka ilé tuntun, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń ka èyí tí èèyàn ti gbé rí. National Association of Realtors, ẹgbẹ́ àwọn ejẹ́ńtì ilé, ló ń ka ti àgbérí, ọjọ́ tí gbogbo ìwé bá parí tí ilé bọ́ sọ́wọ́ olùrà ni wọ́n tó sọ pé ó tà. Census Bureau, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ka èèyàn àti ilé, ló ń ka tuntun, ọjọ́ tí olùrà bá ti fọwọ́ síwèé tàbí tí wọ́n gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kà á, ì báà jẹ́ pé wọn ò tíì gbẹ́ ìpìlẹ̀. Bákan náà ni iye tí wọ́n ní ó wà lọ́jà: èyí tó ti parí, èyí tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, àti èyí tó jẹ́ ilẹ̀ gbalasa títí di báyìí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n pò pọ̀. Ẹ máa rántí èyí tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ nínú ìròyìn pé ilé tuntun kún ìgboro. Nínú ìjábọ̀ oṣooṣù wọn, New Residential Sales, wọ́n ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó ti parí ni kẹ́ ẹ fojú sí.

Ìdí ni pé ilé tó ti parí tí kò lólùrà, èlé ń gun orí bíldà, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ ilé tà, lójoojúmọ́ ni. Òun ni wọ́n máa fẹ́ gbé kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bíldà kì í fẹ́ já owó ilé wálẹ̀ ní tààrà, torí iye tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ fún tiyín ni wọ́n á fi díyelé èyí tó kù ní àdúgbò kan náà. Ohun tí wọ́n máa ń gbà láti ṣe ni kí wọ́n bá yín san nínú owó ìparí ìwé, tàbí kí wọ́n sanwó fún báńkì kí èlé yín lè dín. Ẹni tó bá mọ̀ pé ilé tó ti parí pọ̀ lọ́wọ́ wọn á mọ bó ṣe máa béèrè.

Ohun mìíràn ni pé ọ̀pọ̀ ilé bíldà kì í sí nínú "active listing count" yẹn. Ọgbọ̀n ilé lè wà lórí ilẹ̀ kó jẹ́ díẹ̀ ni wọ́n gbé sójú táyé. Láti mọ èyí tó ń bọ̀, ẹ tẹ "building permits" àti orúkọ kàǹtì yín ní FRED, ẹ ó rí iye ilé tí wọ́n gba àṣẹ láti kọ́. Àṣẹ kì í ṣe ilé o, ọ̀pọ̀ oṣù ló máa kọjá kí èèyàn tó lè gbé inú rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ rà lọ́dún tó ń bọ̀, àṣẹ tí wọ́n ń gbà lọ́dún yìí ló kàn án.

Ẹ tún ṣọ́ra fún bí Census Bureau ṣe ń ka iye ilé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ jáde fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Tí wọ́n bá ní wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé mílíọ̀nù kan àti díẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìyẹn lóṣù kan. Wọ́n fi eré oṣù yẹn ṣírò ọdún kan gbáko ni. Bó ṣe rí nìyí lójú ìtàn: ní oṣù kìíní 2006, eré náà lé ní mílíọ̀nù méjì àti ìgba ẹgbẹ̀rún, ní oṣù kẹrin 2009 ó ti já sábẹ́ ìdajì mílíọ̀nù. Àwọn ilé tí wọn ò kọ́ láwọn ọdún yẹn wà lára ohun tó ń fa ọ̀wọ́n tá à ń bá yí títí di òní. Census Bureau sì máa ń kọ ìwọ̀n àṣìṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá rí àmì ìràwọ̀ kékeré lára rẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ò tó láti fi sọ pé ó gòkè tàbí pé ó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn oníròyìn kì í ka ìràwọ̀ yẹn sí, ẹ̀yin ẹ kà á sí.

Àdùkẹ́ (London)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Àwa tá a wà ní ọ̀dọ̀ ọba, ní UK níbí, ńkọ́?

Kúnlé (Manchester)

Àdùkẹ́, ọjà tiwa ò ní FRED. Àmọ́ HM Land Registry, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ilé àti ilẹ̀ sílẹ̀, gbé gbogbo ilé tó tà ní England àti Wales síta láti 1995, pẹ̀lú iye tó tà, bóyá tuntun ni, bóyá freehold ni (ilé àti ilẹ̀ di tìẹ) tàbí leasehold (ó di tìẹ fún iye ọdún kan). Price Paid Data ni wọ́n ń pè é. Èyí tó ti tà nìkan ló wà níbẹ̀, kì í ṣe èyí tó ṣì wà lọ́jà, ìforúkọsílẹ̀ sì máa ń pẹ́. Torí náà má fi oṣù méjì tó gbẹ̀yìn ṣèdájọ́, kò tíì pé. Fún ilé tó ń bọ̀, ìkànnì planning ti council rẹ ni kó o máa wò.

Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá (Maryland)

Kúnlé, o káre. Ti Maryland fara jọ ọ́ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ sí ìkànnì SDAT, ilé-iṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń díyelé ilé fún owó orí, tẹ́ ẹ yan kàǹtì, tẹ́ ẹ tẹ nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà, ìwé ilé náà á jáde. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Transfer Information" sí nísàlẹ̀: ẹni tó tà á, ọjọ́ tó tà á, iye tó tà á. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà níwájú "Type". Bí wọ́n bá kọ "Non-Arms Length", títà láàárín ẹbí tàbí irú rẹ̀ ni, ẹ má fi owó yẹn díyelé ohunkóhun. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí i bí ẹni tó ń tà á fún yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, tó kùn ún, tó wá fi owó gọbọi lé e. Texas ò ní irú èyí, òfin ò mú kí wọ́n kéde iye tí ilé tà níbẹ̀.

Bàbá Tòbí (Dallas)

Mo ti wo gbogbo rẹ̀ láti àná. Èyí tó ń wọ ọjà ní kàǹtì mi ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ọjọ́ tí ilé ń lò ló gùn. Àṣẹ ìkọ́lé sì pọ̀ gan-an láti èṣí. Ilé bíldà ni mo fẹ́ lọ wò lọ́jọ́ Sátidé. Kí ni kí n bi wọ́n?

Ìyá Ìbejì (Houston)

Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà lọ́ọ̀tì (ààyè ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan) gbogbo ilé tó ti parí tí wọn ò tíì tà, kẹ́ ẹ sì béèrè ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan parí. Èyí tó pẹ́ jù lẹ máa kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ lé lórí. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè iye tí wọ́n máa bá yín san lórí èlé tẹ́ ẹ bá lo báńkì wọn, àti iye tí wọ́n máa bá yín san tẹ́ ẹ bá lo báńkì tiyín, kí wọ́n kọ méjèèjì sílẹ̀. Ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ya ìwé náà ní fọ́tò síbí, èmi àti Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá á bá yín kà á.