Dídúró nísàlẹ̀ omi nígbà téèyàn bá ń gòkè bọ̀ látinú mímòòkùn, ṣé ká ṣì máa ṣe é?

Ọmọ Gwarinpa: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ń lọ mòòkùn mítà 50 ní Dahab ní Íjíbítì. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní bí mo bá ń gòkè bọ̀, kí n kọ́kọ́ dúró ìṣẹ́jú 2 ní mítà 25, ẹlòmíì ní ìyẹn ti di àtijọ́. Èwo ni kí n ṣe?

Bàbá Kubwa: Àbúrò, fi í lẹ̀ jọ̀ọ́. Nefi Amẹ́ríkà dán an wò, èsì jáde ní 2011: nínú mímòòkùn 198 tí wọ́n ti dúró nísàlẹ̀, 11 ló yọrí sí àìsàn tí náítrójìn tó ń hó nínú ara máa ń fà, nínú 192 tí wọ́n ti dúró níbi tó sún mọ́ ojú omi, 3 péré. Bó o ṣe ń dúró níbẹ̀ yẹn náà ni náítrójìn ṣì ń wọ àwọn ẹran ara tí kì í tètè kún, àfi bíi gààrí tó o rò pé ó ti rin tán tó ṣì ń wú. GF low tèmi, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ìdúró àkọ́kọ́ ṣe máa jìn tó, 20 ni tẹ́lẹ̀, mo ti gbé e sí 50, ojú ẹsẹ̀ ni ìdúró àkọ́kọ́ sún sókè lójú kọ̀ǹpútà ọwọ́ mi.

Ìyá Ìbejì Lugbe: Ìdúró ìṣẹ́jú 3 ní mítà 5 kó o tó yọ sókè ò sí lára ohun tá à ń ní kó o fi sílẹ̀ o, ìyẹn dáa. Àmọ́ ọkọ̀ òfuurufú tó o máa wọ̀ padà s'Ábújá ńkọ́? Tó o bá mòòkùn tán, dúró wákàtí 24 ó kéré tán kó o tó wọ̀ ọ́, mo bẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Gwarinpa: Ẹ ṣé gan-an, mo ti sún ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì mi kó lè pẹ́ sí i.